Ilé Tí A Ti Lé Iyọ̀ Jáde

Èmi ni mo kọ òfin náà, mi ò lè dì í ru ẹlòmíràn. Mo ya ẹ̀gbẹ́ páálí kan, mo fi máákà pupa kọ ọ́ gàdàgbà, mo sì kàn án mọ́ ògiri ilé ìdáná wa ní Ọ̀yọ́: kò sí iyọ̀, kò sí mágì, kò sí ẹja oníyọ̀, kò sí oúnjẹ ìta. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi kọ́ ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ níwèé, àrùn kan sì wà tí iṣẹ́ yẹn máa ń fi sí ènìyàn lára. Tí o bá ti kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù, o ó rò pé ó ti yé gbogbo ayé, ó sì ti yé ìwọ náà.

Ọkọ mi ka páálí náà, ó rẹ́rìn-ín. Oníṣẹ́ awọ ni. Ìrọ̀rí aláwọ àti bàtà ló ń rán nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, inú kì í bí i kọjá ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ inú tèmi lè ti bí kí ilẹ̀ tó mọ́. Tíṣà ló máa ń pè mí. Ó bi mí pé ṣé màá na ẹni tó bá rú òfin náà ni. Mo ní màá nà án. Òun rò pé àwàdà ni mo ń ṣe.

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dùn ún. Ẹni tó ń tẹ̀ba láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń fa òwú gba inú awọ, kò sí bí ẹ̀yìn ò ṣe ní dùn ún. Oògùn ara ríro ló ń rà ní kẹ́míìsì, ó sì ń gbé e mì lójoojúmọ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. A ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí bàtà tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, la tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ wa obìnrin ń kàwé níbẹ̀, Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló ń gbé, òun ló bá wa lọ tò sórí ìlà láti ìdájí.

Dókítà tó rí wa kò lè ju ọmọ mi àkọ́bí lọ. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé kíndìnrín ọkọ mi méjèèjì ti bàjẹ́ dé ibì kan, ibi tó ti bàjẹ́ ò sì ní padà sípò mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣì lè gbé e fún ọdún púpọ̀ tí a bá tọ́jú rẹ̀. Kó jáwọ́ nínú oògùn ara ríro àti àgbo. Kó máa rìn díẹ̀ láàárọ̀. Kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láì fo ọjọ́ kan, torí náà kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ mọ́, àní nínú Ràmàdáánì pàápàá. Èyí tó wá le jù ni iyọ̀. Ó ní iyọ̀ ló ń fa omi sí i lẹ́sẹ̀, òun náà ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ru. Bí a bá fi ṣeré, ó nawọ́ sí yàrá kan lọ́ọ̀ọ́kán tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn.

Mo yọjú wo yàrá náà. Mo rí ọkùnrin kan tó nà gbalaja, rọ́bà méjì ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ, ó ń gbé e bọ̀ láti apá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń wo ilẹ̀. Mo sọ nínú ara mi pé ọkọ tèmi ò ní dé ibẹ̀. Ohun tí mo ń jà fún láti ọjọ́ náà nìyẹn, kò sí òmíràn.

Kí n má parọ́, a gbìyànjú. Tó bá ti kírun àsùbáà tán, a jọ máa ń rìn títí dé ẹ̀yìn ọjà, nígbà tí àwọn tó ń gbálẹ̀ ṣì ń gbálẹ̀, a ó sì padà. Ó da oògùn ara ríro nù lójú mi. Mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ń wò ó fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Omi mímu gan-an, kọ́ọ̀bù ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Nígbà tí àwẹ̀ dé, tí gbogbo àdúgbò ń jí sààrì, ó dùn ún wọra pé òun ò sí lára wọn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn, kò gbà á.

Oúnjẹ ni kò rọrùn. Ẹ gbé ilá tí kò ní iyọ̀ rárá síwájú ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kẹ́ ẹ wá wo ojú rẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní oúnjẹ yìí ò kí ènìyàn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, ni mo bá ń wá ọgbọ́n dá. Mo fi àlùbọ́sà kún un, mo fi ata kún un, mo fi irú kún un. Mo sì fi káún kún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa wá a kiri. Iyọ̀ ni káún. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ ibi nínú iyọ̀ náà ló wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irú aláìsàn yìí nílé lónìí, màá sọ ọ́ fún un kó tó jókòó. Nígbà náà, mi ò mọ̀. Ìyá mi ló kọ́ mi pé káún díẹ̀ nínú ilá á jẹ́ kó yọ̀, káún díẹ̀ nínú ẹ̀wà á jẹ́ kó tètè rọ̀. Tí inú bá ń run wá ní kékeré, wọ́n á ní ká lá a. Ẹni tó ń ta iyọ̀ ní Akẹ̀sán yàtọ̀ sí ẹni tó ń ta káún, kò sì sí ẹni tó ń pe òkúta yẹn ní iyọ̀. Dókítà ò dárúkọ rẹ̀, èmi náà ò bèèrè. Ta ló ń bèèrè ohun tó dá a lójú? Bíńtín tí ìyá mi máa ń fi sí i, mo sọ ọ́ di òkúta tó tó àtàǹpàkò, nínú ọbẹ̀ àárọ̀ àti talẹ́. Ọkọ mi ní adùn ti ń padà sínú oúnjẹ. Inú mi dùn, mo ń gbé orí kiri.

Nígbà tí a padà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ru. Dókítà bi í pé ṣé ó ń jẹ iyọ̀ ni, ó ní rárá o. Dókítà kọ oògùn mìíràn kún èyí tó ń lò. Nígbà tí a tún lọ, ẹsẹ̀ ti wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà ò wo ọkọ mi mọ́, èmi ló wò. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé iyọ̀ ń wọ ara bàbá láti ibì kan, kí n bá wọn wá a. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà bọ̀ ní Ọ̀yọ́, ọkọ mi ń gbìyànjú láti bá mi sọ̀rọ̀ nípa òjò àti nípa oko tí à ń kọjá. Mo kọjú sí fèrèsé títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Mo wá iyọ̀ náà lóòótọ́. Ibi gbogbo ni mo wá a, àfi inú ìkòkò mi. Mo lọ kìlọ̀ fún gbogbo olóúnjẹ tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ń gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀ tó bá wọlé. Mo ń tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ kí n tó fọ̀ ọ́. Mi ò rí nǹkan kan, àìrí yẹn gan-an ló sì jẹ́ kó dá mi lójú pé ó ń jẹ ẹ́, mo ní ọgbọ́n ló ń dá fún mi. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo mọ òwe náà kà lórí, ibẹ̀ náà ló parí sí.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ṣoṣo ló kù fún un láyé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti máa ń jẹun ọ̀sán. Mo lọ bá ìyá yìí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti gbọ́ ni òun ti ya ìkòkò àbúrò òun sọ́tọ̀, òun kì í fi iyọ̀ sí i. Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo ní bí ọkọ mi bá kú, ọwọ́ wọn ni kí ayé ti bèèrè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹni tó yẹ kí n kúnlẹ̀ kí, ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn níṣojú àwọn aládùúgbò. Ó wò mí, ó ní ó dáa, ìyàwó, ó sì wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi ò jẹun níbẹ̀ mọ́. Kò jẹ sàráà mọ́, kò lọ síbi ìsọmọlórúkọ mọ́, kí n má baà fura. Tí wọ́n bá pín nǹkan ní mọ́ṣáláṣí, á na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi tó bá dé, pé kí n wò ó, òun ò mú nǹkan kan bọ̀. Ọwọ́ mi nìkan ló ti ń jẹun, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ń jẹ.

Nígbà tí wíwú náà dé orúnkún, ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù sì máa ń sọ mí di ìkà. Mo gbé Kùránì sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, mo ní kó wá búra fún mi. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi ìyẹn ṣeré. Mo mọ ẹni tó fi ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn dípò kó gbọ́wọ́ lé e, bẹ́ẹ̀ òun ló ni ilẹ̀. Mo rò pé ọkọ mi yóò bínú, mo tilẹ̀ fẹ́ kó bínú. Ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá, ó padà wá jókòó lórí ẹní, ó sì gbọ́wọ́ ọ̀tún lé e.

“Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní kí n má jẹ iyọ̀, iyọ̀ ò tíì gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí Ọlọ́run bi mí.”

Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ṣé ó tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kò tó. Mo ní ẹni tó lè jẹ iyọ̀ ní kọ̀rọ̀ lè búra ní gbangba. Mi ò mọ ẹnu tí mo fi sọ ọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó lọ dùbúlẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà tí kò lè mí dáadáa mọ́ tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ọkọ mi dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ là ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, a ó kúrò ní Ọ̀yọ́ kí oòrùn tó yọ. Tí wọ́n bá ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, kì í lè dúró, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta la fi ń gbé e lọ sí yàrá ọmọ wa ní Under G kó lọ sinmi kí oòrùn tó rọ̀. Èmi náà wá di ìyàwó tó jókòó, tó ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ pe gbogbo àwa tí à ń se oúnjẹ fún aláìsàn jọ síta. Ó ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí la sè. Nígbà tó kàn mí, mo yọ ìwé mi jáde, torí gbogbo ohun tí ọkọ mi jẹ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo kọ síbẹ̀. Ó kà á, ó yìn mí lójú gbogbo ènìyàn. Ó wá bi mí pé kí ni mo ń fi sínú ilá tó fi ń dùn láìsí iyọ̀. Mo dárúkọ wọn fún un: ata, àlùbọ́sà, irú, káún. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìyá, iyọ̀ ni káún o.”

Mo bá a jiyàn. Tíṣà ni mí, mo mọ iyàn jà. Ó ní kí n máà bínú, ó pe dókítà tó ń kọjá lọ, dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí dókítà rí ojú mi, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n má kó gbogbo rẹ̀ lé ara mi lórí, kíndìnrín náà ti bàjẹ́ kí a tó wá. Mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, ṣé káún lọ́wọ́ sí ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò wálẹ̀. Ó ní ó lọ́wọ́ sí i. Títí di òní, mi ò rí ẹni tó lè bá mi wọ̀n ọ́n, èyí tó jẹ́ ti àrùn àti èyí tó jẹ́ tèmi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ wa wà ní kíláàsì. Ọkọ mi dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jiyàn bọ́ọ̀lù lábẹ́ fèrèsé, ẹnì kan ń din ẹyin. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ìkankan pamọ́. Mo ń retí kó gbá mi létí, kó ní kí n jáde, kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Kò ṣe ọ̀kankan. Kò tilẹ̀ bèèrè nípa kíndìnrín rẹ̀. Ó ń wo àjà, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

“Á jẹ́ pé ìbúra èké ni mo ṣe.”

Mo ní ẹ ò mọ̀, èmi ni mo fi sínú oúnjẹ yín, ẹ ò mọ̀. Ó ní ọwọ́ òun wà lórí Kùránì, iyọ̀ sì wà nínú òun. Ó ní kí n dìde lórí ìkúnlẹ̀, ilẹ̀ náà tutù. A ò sọ ọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà, a ò sì sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí a ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá oúnjẹ padà. Ó ní kò wu òun. Mo rò pé ó ń bínú, mo sì ní ó lẹ́tọ̀ọ́. Ta ni kò ní bẹ̀rù oúnjẹ ọwọ́ mi? Oògùn rẹ̀ tí mo bá kó lé àwo láàárọ̀, mi ò dúró wò ó bóyá ó lò ó. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ọ bí olè, mo wá búra nínú ara mi pé mi ò ní ṣọ́ ọ mọ́ láéláé. Mo fi í sílẹ̀ kó sinmi. Mo ń pe ìyẹn ní àpọ́nlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ṣe pe ìrun mágáríbì, ó pè mí.

“Tíṣà, bu omi wá kí n fi ṣínu.”

Mo ní ṣínu kí ni. Ó ní àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni, ìtánràn ìbúra. Ó ti gbọ́ ọ ní wáàsí láti ọjọ́ pípẹ́ pé ẹni tó bá ja ìbúra rẹ̀, kó bọ́ tálákà mẹ́wàá; bí kò bá lágbára rẹ̀, kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ti gbé gbogbo owó wa mì, òun sì ti gba àwẹ̀ náà. Kò jẹun, kò mu omi, kò lo oògùn láti ọjọ́ mẹ́ta, àfi ìwọ̀nba tó bá fi kan ẹnu lálẹ́. Ọkùnrin tí kò rú òfin kan rí láti ọjọ́ tí mo ti kan páálí mọ́ ògiri. Ó mu omi inú kọ́ọ̀bù náà tán, ó ní ara òun ti fúyẹ́. Mo sáré kó oògùn fún un.

Nígbà tí mo jí i fún ìrun àsùbáà, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan ti wọ́, kò lè sọ̀rọ̀. A gbé e sínú mọ́tò, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Kò dé ibẹ̀.

A sin ín ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó gbá mi mọ́ra, ó ń sunkún sí mi léjìká. Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ọjọ́sí sínú, òun mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú mi sọ ọ́. Ó ní àbúrò òun pe òun lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì sọ fún òun pé kò sí obìnrin tó lè tọ́jú ọkọ bí mo ṣe tọ́jú òun. Ìyá náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ fídáù, nígbà tí èrò ti ń túká, mo lọ bá áàfáà àdúgbò wa. Mo bi wọ́n pé bí ènìyàn bá búra lé ohun tó gbà pé òótọ́ ni, tó wá padà rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, kí ni ìtánràn rẹ̀. Wọ́n ní kò sí. Ọlọ́run ò ní mú ẹni tí kò mọ̀ sí i. Mo wá sọ fún wọn pé ọkọ mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀ kó tó kú.

Wọ́n mi orí títí. “Kò jẹ gbèsè kankan. Ojúlé kejì ni mò ń gbé, kí ló dé tí kò wá bi mí?”

Mo mọ ohun tó dé. Kó tó lè bi wọ́n, yóò kọ́kọ́ ní láti sọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ fi sínú ọbẹ̀ rẹ̀.